Ta Ló Ń Fa Omi Abẹ́ Ilẹ̀ Òṣogbo Gbẹ, Ọ̀nà Wo Ni Àgbẹ̀ Fi Lè Dín Tirẹ̀ Kù?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà oko, ẹ kú iṣẹ́. Apá Òkínní ni mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ àti ata lẹ́ẹ̀rùn. Àwa mẹ́jọ la jọ wà nínú àkùrọ̀ kan. Kálukú ló ní kànga tiẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjì tówó wà lọ́wọ́ wọn ti gbẹ́ bóhóòlù. Kó tó di ìparí oṣù Kejì, kànga àwa yòókù á ti gbẹ, ẹrẹ̀ la ó máa fà. Òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kan wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní ká dín omi abẹ́ ilẹ̀ tí à ń lò kù, ká lọ ra dírípù, rọ́bà tó ń kán omi díẹ̀díẹ̀ sídìí ohun ọ̀gbìn. Ó sọ ọ́ tán, ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Ẹ bá mi dá sí i: báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó fi owó ara rẹ̀ gbẹ́ bóhóòlù pé kó má fa omi? Àti pé, ṣé àwa àgbẹ̀ gan-an la ń fa omi Òṣogbo gbẹ, àbí àwọn onílé?

* * *

Àbúrò, ọ̀rọ̀ àwọn onílé ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí tí n kò bá mú un, ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá dá sí i yóò máa sá padà sí.

Bóhóòlù pọ̀ nígboro lóòótọ́. Láti Ògo-Olúwa títí dé Òkè-Báálẹ̀, ilé tí kò bá ní bóhóòlù, kànga á wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Àwọn oní píọ̀wọ́tà náà wà ńbẹ̀, tọ̀sán-tòru ni tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹ mú ilé kan tí èèyàn mẹ́wàá ń gbé, kí kálukú lo 50 lítà lójúmọ́ fún wíwẹ̀, fífọ̀ àti sísè. 500 lítà nìyẹn. Ẹ wá bọ́ sóko. Lẹ́ẹ̀rùn, tí oòrùn bá mú, ewébẹ̀ tó ti bo ilẹ̀ ń mu nǹkan bíi lítà márùn-ún lórí mítà kan níbùú lóròó lóòjọ́. Pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ 50 ẹsẹ̀ sí 100 á gba 2,300 lítà. Éékà kan odindi á gba 20,000. Ìyẹn ni pé àgbẹ̀ tó ń bomi rin éékà kan ń mu omi ogójì irú ilé yẹn.

Nítorí náà, n kò bá yín jókòó lórí pé ẹ̀bi onílé ni. Káríayé pàápàá, nínú gbogbo omi aláìníyọ̀ tí ọmọ èèyàn ń fà, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bá iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ. Àti pé, nínú àkùrọ̀ yín ní Òkínní, onílé wo ló wà ńbẹ̀? Ẹ̀yin mẹ́jọ náà ni.

Ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Iṣẹ́ kànga ni mo ṣe kí n tó yà sóko, mo sì ti sọ̀kalẹ̀ sínú ihò tó pọ̀ ní àyíká Òṣogbo. Ilẹ̀ dúdú lẹ ó kọ́kọ́ gbẹ́. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ pupa tó ní òkúta wẹẹrẹ. Lẹ́yìn náà, amọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì. Ẹ ó wá kan òkúta tó ti jẹrà, tí ẹ bá fún un lọ́wọ́ á fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á máa kọ mànà lójú oòrùn. Ibẹ̀ lomi wà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni àpáta tútù wà, tí díígà á máa dún gbàǹgbàǹ lórí rẹ̀, kò sì sí omi nínú rẹ̀ àfi níbi tó bá ti sán. Kì í ṣe odò ńlá kan ló ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ wa bí àwọn èèyàn ṣe ń wí. Èkó jókòó lórí yanrìn tó jìn wọlẹ̀, tiwọn yàtọ̀. Òṣogbo jókòó lórí òkúta, omi díẹ̀ tó wà nínú òkúta jíjẹrà yẹn la jọ ń pín.

Ẹ ó wá rí i pé bóhóòlù àwọn méjì yẹn kò bọ́ sínú omi mìíràn. Ó gba inú òkúta jíjẹrà kan náà kọjá, ó bọ́ sínú ibi tí àpáta ti sán, omi òkè sì ń rọ́ sínú sísán yẹn. Tí sumo wọn, ìyẹn pọ́ǹpù inú bóhóòlù, bá ń fà, kànga yín ló ń fà.

Ohun kan tó dára wà níbẹ̀ o. Òjò tó ń rọ̀ sí Òṣogbo lọ́dún ju 1,000 mìlímítà lọ. Tó bá di oṣù Kẹsàn-án, kànga yín á ti kún padà, àbí kò rí bẹ́ẹ̀? A ò dà bí àwọn ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ wọn ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún láìpadà. Ìjà tiwa, ìjà oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ni. Ẹni tó bá wá ń wàásù fún àgbẹ̀ àkùrọ̀ pé kó tọ́jú omi de ọmọ-ọmọ, kò tíì mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé ta ni omi á kù fún títí òjò àkọ́rọ̀ á fi dé.

* * *

Ẹnì kan fèsì pé kí n má fi ọ̀rọ̀ gùn, pé dírípù ti yanjú gbogbo ẹ̀, pé ó ń dín omi kù dé ìdajì. Ẹlòmíì náà tì í lẹ́yìn.

N kò gbà. Kì í ṣe pé dírípù kò dára. Rọ́bà tó ń kán omi tó, tó, tó sídìí ata, kò sí bí kò ṣe ní fi omi ju họ́ọ̀sì lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ohun tí àgbẹ̀ fi omi tó ṣẹ́kù ṣe. Ṣé ẹ rí àgbẹ̀ tí omi ṣẹ́kù nínú kànga rẹ̀ tó ní kó máa sùn síbẹ̀? Bẹ́ẹ̀dì mìíràn, ìyẹn ebè tí à ń gbin ẹ̀fọ́ sí, ni yóò kọ. Èmi náà á kọ ọ́.

Wọ́n rí èyí ní Kansas ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ fún àgbàdo. Ìjọba ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti ra ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí afẹ́fẹ́ kò ní máa gbé omi lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, omi tí wọ́n ń fà kò dín kù, ńṣe ló lé sí i. Àwọn àgbẹ̀ ti fi èyí tó ṣẹ́kù bomi rin ilẹ̀ tó pọ̀ sí i, wọ́n sì ti gbin èyí tó ń mu omi jù.

Ó tún ku ìkan. Omi tí ẹ fi họ́ọ̀sì tú dà nù sí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣòfò. Èyí tó bá ti wọ ilẹ̀ kọjá gbòǹgbò, á padà sínú kànga yín tàbí ti aládùúgbò yín. Èyí tí oòrùn fà lọ sókè ni kò ní padà. Nítorí náà tí ẹ bá ń wá omi tí ẹ ó dín kù ní tòótọ́, ojú ilẹ̀ tí oòrùn ń jó ni kí ẹ wá a sí.

Ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn koríko gbígbẹ àti háhá àgbàdo ju dírípù lọ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín ata, kó nípọn tó ìka mẹ́ta. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ tí ẹ bò àti èyí tí ẹ kò bò lọ́wọ́ ọ̀sán, ẹ ó mọ̀yàtọ̀ fúnra yín. Àwọn kan á ní ó ń kó ikán wá. Ó ń kó o wá lóòótọ́, tí koríko bá kan ìdí ata. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ nídìí rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ẹ fọ́n pẹ́kípẹ́kí kò nílò rẹ̀, ewé rẹ̀ ló ń bo ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó bá ti tóbi díẹ̀.

Àti pé ẹni tó fẹ́ ra dírípù, kó kọ́kọ́ wo àwọ̀ omi kànga rẹ̀. Omi wa níbí, òmíràn ní ìdọ̀tí pupa bíi ti irin tó dógùn-ún. Mo ti rí oko kan ní ọ̀nà Ìlobùú tí àwọn obìnrin jókòó ti rọ́bà dírípù pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, tí wọ́n ń gún ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdọ̀tí pupa tó yọ̀ bí ilá ń jáde. Wọ́n gún un títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, ojú tí wọ́n gún lánàá ti tún dí. Asẹ́ ni kò sí lórí páìpù wọn. Ẹni tó tà á fún wọn kò sọ fún wọn.

* * *

Ẹni tó kọ ọ́ pé Ọlọ́run ló ni òjò, pé kí a má da ara wa láàmú: àmín. Òjò Ọlọ́run kì í rọ̀ ní oṣù Kejì, òun ló sì dá a bẹ́ẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ sólà ni ọ̀pọ̀ yín ń bèèrè báyìí. Ẹ jẹ́ kí n gbà á láti ìdí epo.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Lítà tí a ń rà ní nǹkan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000. Gbogbo ẹni tó wà ní àkùrọ̀ rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó máa ń tan pọ́ǹpù sílẹ̀ tó máa lọ jẹ ìrẹsì nílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró tì í, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí bọ́tìnnì. Bẹ́ẹ̀dì tó máa ń rin lójoojúmọ́, ó ń fo ọjọ́ kan. Àwọn kan gbé garawa àti okùn jáde padà. Gbogbo ìpàdé tí wọ́n ti ń pè wá sí láti ìgbà fàdámà, ètò ìjọba fún àgbẹ̀ àkùrọ̀, kò dín omi kù tó ohun tí epo dín kù ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Mi ò torí ìyẹn yin epo ọ̀wọ́n o. Ẹni tí kànga rẹ̀ kò jìn, tówó rẹ̀ kò pọ̀, òun ló kọ́kọ́ palẹ̀ mọ́. Ẹni tó ní bóhóòlù rọ́jú. Omi tó dín kù, àwọn tálákà ló dín in kù. Ṣùgbọ́n ẹ mú ẹ̀kọ́ inú rẹ̀: nígbà tí lítà omi kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ owó lójú ẹni tó ń fà á, kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ bó ṣe máa ṣọ́ ọ lò.

Sólà wá dé. Ẹ ti ra páńẹ́lì, ẹ ti ra sumo, owó ti jáde. Láti ọjọ́ yẹn, lítà tí ẹ fà lónìí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Oòrùn yọ, ó ń fà. Ẹ lọ sí òde ìnáwó, ó ń fà. Tánkì kún, ó ń ṣàn sílẹ̀, ó ń fà. Kí ló máa sọ fún yín pé ó tó?

Ní Dhundi, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Gujarat ní Íńdíà, wọ́n wá nǹkan sí i. Láti ọdún 2016, àwọn àgbẹ̀ tó ní pọ́ǹpù sólà níbẹ̀ kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n sì ń ta iná tí wọn kò lò fún ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná. Oòrùn di ohun tó lówó lórí. Ẹni tó bá fi fa omi lásán ń pàdánù ohun tí ì bá tà. Ẹni tó máa ra iná yẹn lọ́wọ́ wa níbí kò tíì sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní páńẹ́lì lẹ́bàá ọ̀nà lè fi í gba owó fóònù àti bátìrì ṣíṣà lọ́sàn-án dípò kó máa fa omi. Kó pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ o, páńẹ́lì pọ́ǹpù kò ṣeé so mọ́ fóònù lásán.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ ra sólà, ṣùgbọ́n kí pọ́ǹpù kéré, kí tánkì sì wà láàárín pọ́ǹpù àti oko. Ẹ má so họ́ọ̀sì mọ́ ẹnu bóhóòlù tààrà. Tánkì 2,000 lítà kan lóòjọ́, tó bá ti tán, ó tán. Ẹni tó tà sólà fún yín á ní ẹ ra èyí tó tóbi. Ẹ ṣáà mọ ohun tó ń wá.

* * *

"Ìjọba ló yẹ kó ṣòfin kó sì mú àwọn tó ń fa omi jù." Èèyàn mẹ́ta ti kọ èyí báyìí.

Òfin omi ti orílẹ̀-èdè yìí, ti ọdún 1993, fàyè gba ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ láti fa omi abẹ́ rẹ̀ fún ilé, fún ẹran ọ̀sìn àti fún oko ara rẹ̀ láìsan owó. Kò sẹ́ni tó máa wá mú bóhóòlù oko kan ní Òkínní.

Ẹ tún wo ohun tí òfin ṣe níbi tó ti múlẹ̀. Punjab, ní Íńdíà kan náà, ni ìjọba ti ń fún àgbẹ̀ ní iná ọ̀fẹ́. Wọ́n ń gbin ìrẹsì kíkankíkan, omi abẹ́ ilẹ̀ ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ní 2009, wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbin ìrẹsì sí pápá ṣáájú ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹfà, kí oòrùn gbígbóná tó ṣáájú òjò má baà mu omi náà lọ. Ó ní ọgbọ́n nínú. Ṣùgbọ́n ìkórè wá pẹ́, àkókò láti pa pòròpórò ìrẹsì mọ́ kí wọ́n tó gbin àlìkámà wá kúrú, wọ́n ń sun ún lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín rẹ̀ sì ń dé ìlú ńlá Delhi. Òmíràn tí wọ́n tún ṣe ní 2018 ni mo fẹ́ràn jù: wọ́n ya ìwọ̀n iná kan sọ́tọ̀ fún àgbẹ̀ tó bá fẹ́ wọlé, yúnìtì tí kò bá lò nínú rẹ̀, wọ́n á san rupee mẹ́rin fún un lórí ìkọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni.

Èyí tó bá tiwa mu jù lọ, Kansas ni mo tún rí i, ní àgbègbè Sheridan. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n jókòó, wọ́n ní kí àwọn dín omi kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ìjọba fi òfin tì í. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Kálukú gba 55 íǹṣì omi fún ọdún márùn-ún, ìyẹn bí omi náà ṣe máa jìn tó ká ní wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí oko. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni ọdún márùn-ún yẹn: ọdún tí òjò bá rọ̀ dáadáa, ẹ fi pamọ́, ọdún tí ọ̀dá bá dá, ẹ fà á jáde. Omi tí wọ́n dín kù kọjá ohun tí wọ́n ṣèlérí. Wọ́n dín àgbàdo kù, wọ́n fi bàbà àti àlìkámà kún un, èrè wọn kò sì bàjẹ́ bí wọ́n ṣe bẹ̀rù.

Ẹnì kan á ní òyìnbó ni wọ́n, mítà wà lẹ́nu pọ́ǹpù wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní mítà. Ẹ̀yin náà ní kẹ́ẹ̀gì.

* * *

Ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì rèé, torí wọ́n ti ń bi mí.

Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì 25 lítà sábẹ́ họ́ọ̀sì, kí ẹnì kan mú fóònù, kó ka ìṣẹ́jú-àáyá tó fi kún. Ká ní ó jẹ́ 30. Bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní mítà kan tó gùn ní mẹ́wàá, kẹ́ẹ̀gì méjì ló ń fẹ́ lójúmọ́ lẹ́ẹ̀rùn. Ìṣẹ́jú kan péré nìyẹn. Ẹ wá lọ wo bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ó gbé họ́ọ̀sì sórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù dún, ó ń dáhùn, ó rántí, ó gbé e síwájú. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti lọ. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá ló da sórí ibi tó ń fẹ́ méjì. N kò mọ àgbẹ̀ kan tí ẹ fi èyí hàn tí kì í pariwo, "Háà!"

Ẹ má bomi rin oko lọ́sàn-án. Èyí kò gba àlàyé, kálukú ló mọ̀ ọ́n, kálukú ló sì ń ṣe é torí ọ̀sán ni oòrùn ń gbé sólà dáadáa. Ìdí mìíràn tí mo fi ní kí tánkì wà láàárín nìyẹn: kó máa gba omi lọ́sàn-án, kí ẹ máa rin ní ìrọ̀lẹ́.

* * *

Arákùnrin kan láti Gbódòfọn bínú díẹ̀: ó ní kí la wá ń jà lórí kànga fún nígbà tí odò Ọ̀ṣun wà ńlẹ̀ gbalaja, kí gbogbo àgbẹ̀ gbé pọ́ǹpù lọ sódò.

Àwọn bàbá wa ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ kò parọ́. Ẹ lọ wo àwọ̀ odò náà lónìí. Àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ti sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún mọ́. Odò tó gba inú igbó Ọ̀ṣun kọjá, igbó tí UNESCO fi sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005! Èmi kò ní fi omi tí góòlù ti gba inú rẹ̀ kọjá rin ṣọkọ tí mo máa tà fún ọmọlọ́mọ. Òjé kò ní ìtọ́wò.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ yín la mí lójú sí nǹkan kan. Àwọn àgbẹ̀ etídò tó sá kúrò nídìí odò, kànga ni wọ́n sá lọ gbẹ́. Ẹni tó bá tọ́jú apá òkè odò náà ní Ìjẹ̀ṣà, ó ti bá wa dín omi abẹ́ ilẹ̀ kù ní Òṣogbo láìpe àgbẹ̀ kankan sípàdé. Ọ̀dọ̀ ìjọba ni kí ẹ gbé èyí lọ. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí òfin ti ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹnu kànga yín.

* * *

Ìyá oníṣòwò kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Ìgbọ̀nà kọ̀wé pé: "Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, tí ẹ bá dín omi kù, ẹ̀fọ́ á wọ́n ní oṣù Kẹta, àwa la ó gbọ́ èébú."

Ìyá, ẹ̀fọ́ ti wọ́n ní oṣù Kẹta láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wíwọ́n yẹn gan-an ló ń mú àgbẹ̀ fa omi kíkankíkan nígbà tí omi kéré jù. Gbogbo wọn ń lépa owó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn. Tẹ̀tẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ kó tó jáde nílẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní kété tí òjò dáwọ́ dúró, tí kànga ṣì kún, lè gbé e jáde lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta kí oṣù Kíní tó parí. Kùkúńbà náà kò pẹ́ nílẹ̀. Ata ni wàhálà, torí yóò dúró mu omi títí òjò á fi dé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ata wà lórí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀, kí ẹ bo ìdí rẹ̀, kí ẹ̀fọ́ sì ti jáde kí oṣù Kejì tó dé. Ẹ ó pàdánù díẹ̀ nínú owó oṣù Kẹta. N kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí kànga rẹ̀ gbẹ ní oṣù Kejì pàdánù gbogbo rẹ̀, àti epo tó ti sun.

* * *

Àbúrò tó béèrè ọ̀rọ̀ tún padà wá. Ó ní òun ti gbọ́ ti Íńdíà, òun ti gbọ́ ti Amẹ́ríkà, kí ni kí òun lọ sọ fún àwọn oníbóhóòlù méjì yìí?

Ẹ má lọ bá wọn nígbà tí kànga ti gbẹ. Nígbà yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni ẹ ń bẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa dáwọ́ dúró lórí ata tó ti ń so. Oṣù Kẹwàá ni kí ẹ lọ, kí ẹnikẹ́ni tó kọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ mú àgbà kan tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún dání, ẹni tó ni ilẹ̀ náà bó bá ṣeé ṣe.

Ẹ má sì sọ pé omi yín ni wọ́n ń jí. Ẹ sọ̀rọ̀ àwọn alájàpá. Kí ló ń gbé mọ́tò wá sí àkùrọ̀ yín láàárọ̀ kùtùkùtù? Ẹ̀fọ́ èèyàn mẹ́jọ ni. Tí ẹ̀yin mẹ́fà bá kógbá wọlé ní oṣù Kejì, kò sí alájàpá tó máa gbé mọ́tò wá torí ẹ̀fọ́ èèyàn méjì. Wọ́n á yà sí ọ̀nà ibòmíràn, àwọn méjèèjì ni yóò máa fi ọ̀kadà ru ẹ̀fọ́ lọ sí Ìgbọ̀nà. Ẹran tó ń jẹ̀ kiri pẹ̀lú, ojú èèyàn mẹ́jọ ló ń lé e. Àwọn oníbóhóòlù mọ èyí, wọn kò kàn tíì fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ ni.

Ohun tí ẹ ó bá wọn ṣàdéhùn lé kò gbọdọ̀ pọ̀. Iye bẹ́ẹ̀dì tí kálukú máa rin láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, torí bẹ́ẹ̀dì ṣeé kà, ojú gbogbo èèyàn ló ń rí i. Omi tí ẹnì kan fà lóru kò ṣeé kà. Àti ọjọ́ tí bóhóòlù máa sinmi. Kànga máa ń gbà padà lóru; tí gbogbo yín bá tan pọ́ǹpù ní wákàtí kan náà láàárọ̀, ńṣe lẹ ń du omi lẹ́nu ara yín. Kí àwọn kan fà láàárọ̀, kí àwọn kan fà nírọ̀lẹ́.

Ohun tí wọ́n á bèèrè lọ́wọ́ yín padà náà wà. Ẹni tó gbẹ́ bóhóòlù fẹ́ rí owó rẹ̀. Tí ẹ bá lè máa dá owó ra omi tánkì kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹta dípò kí ẹ̀yin náà lọ gbẹ́ bóhóòlù kẹta, ẹ ṣe é. Ẹnì kan níbí bú mi lórí èyí, ó ní mo ń sọ olówó di ọba lórí omi. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bóhóòlù kẹta á mú ìkẹrin wá, ìkẹrin á mú gbogbo yín jìn sí i, òkúta kan náà lẹ ó sì bá nísàlẹ̀.

Ṣáájú kí ẹ tó lọ, ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ fi wọn kànga yín láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan pọ́ǹpù, ẹ tún wọ̀n ọ́n lálẹ́. Ẹ ta okùn náà ní kókó níbi tí omi dé. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí bóhóòlù ń ṣiṣẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n lọ sóde. Okùn yẹn lẹ ó gbé lọ síwájú àgbà. Kò sí bí wọ́n ṣe máa bá kókó jà.

Ẹ wá bi mí pé tí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́. Wọ́n lè kọ̀. Nígbà náà, kí ẹ̀yin mẹ́fà fi ẹ̀fọ́ ṣáájú, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, kí ẹ gbé e jáde tán kí oṣù Kejì tó wọlé, kí ẹ fi bẹ́ẹ̀dì ata méjì-méjì péré sílẹ̀ lábẹ́ koríko. Àwọn tó kọ̀ á wá rí i bóyá alájàpá á tún yà lọ́dọ̀ wọn ní oṣù Kẹta, ẹ ó sì tún bá ara yín sọ̀rọ̀ ní oṣù Kẹwàá tó ń bọ̀.